Bí a ṣe ń rin òkè àti abúlé Àbújá nígbà tí àrọ̀kúrò bá dá

Láti ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá títí di nǹkan bí àárín oṣù Kejìlá ni òkè agbègbè Àbújá máa ń dára jù fún ìrìn ẹsẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, òjò ṣì ń rọ̀, àpáta ń yọ̀, koríko sì ga ju orí ènìyàn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọyẹ́ á ti da eruku bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tó làágùn dé orí òkè kò ní rí nǹkan kan wò, iná igbó á sì ti sọ ibi púpọ̀ di eérú. Àárín méjèèjì ni a ń sọ: àrọ̀kúrò ti dá, odò kéékèèké ṣì ń ṣàn, ọkà bàbà ń gbó lóko, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ alápá gígùn kò ní ni yín lára.

Ẹni tó ń gbé Gwarinpa, Kubwa, Lugbe tàbí Nyanya, tó ní Sátidé kan lọ́wọ́, tí ara rẹ̀ le, àmọ́ tí kò gun òkè rí, òun ni a kọ èyí fún. Ìrìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin la ní lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lórí òkè nílò ẹrù mìíràn àti ẹ̀ṣọ́ mìíràn, a kò ní fẹnu kan ìyẹn níbí.

Ibi tí ẹ lè lọ

Katampe ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ìlú, àwọn kan sì gbà pé orí rẹ̀ ni àárín gbùngbùn Nàìjíríà wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúnkún àti èémí òun ti rí, ibẹ̀ ni kó ti dán an wò kó tó lọ síbi tó jìnnà sí ọ̀dà. Ilé kíkọ́ ń gun òkè náà lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọ̀nà tí ẹnì kan júwe fún yín lọ́dún tó kọjá lè ti di ògiri lónìí.

Lẹ́yìn Katampe, Ushafa ni a fẹ́ràn jù. Abúlé àwọn Gbagyi ni, lábẹ́ Bwari, láàárín òkè àti adágún omi Usuma tí ìlú Àbújá ń mu. Bill Clinton lọ síbẹ̀ ní 2000, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní Clinton Village. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n mọ Ushafa mọ́. Ẹ lè rin òkè fún wákàtí méjì, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò, kí ẹ sì ra ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹni tó bá rà á nígbà tó ń lọ yóò gbé e gun òkè, yóò sì gbé àfọ́kù sọ̀kalẹ̀. Ẹ má gun orí ìdíwọ́ omi Usuma láìgba àyè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀.

Àpáta pọ̀ ní Mpape, ẹ ó sì rí ìlú kedere láti orí wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òkúta fífọ́ wà ní agbègbè náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀tù yin àpáta, òkúta lè fò jìnnà ju bí ojú ṣe rò lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa yìn ín, kí ẹ sì yí apá ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ náà. Kòtò kúárì àtijọ́ tó ti kún fún omi a máa wu ojú. Ẹ má wẹ̀ nínú rẹ̀: etí rẹ̀ gún sísàlẹ̀ bí ògiri, omi rẹ̀ jìn láti etí wá, kò sì sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú láti fi jáde.

Ti àpáta Aso kò ní àlàyé púpọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìjọba Ààrẹ ló wà, ẹ fi ojú wò ó láti ọ̀ọ́kán. Zuma, èyí tó wà lẹ́yìn owó ₦100, lẹ́bàá ọ̀nà Kaduna ní ìtòsí Madalla, kì í ṣe àpáta tí arìnrìnàjò ń fi bàtà lásán gùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gangan, ó sì yọ̀. Ibi tí ojú ti lè rí i dáadáa ni ẹ wá, ẹ ya àwòrán yín, ẹ máa lọ. Gurara, ní ìpínlẹ̀ Niger, lọ́nà Suleja sí Minna, gba odidi ọjọ́ kan: omi náà ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 30 mítà, oṣù Kọkànlá ló sì dára jù láti wò ó, torí pé omi ṣì pọ̀ àmọ́ kò ru mọ́. Àpáta etí omi ibẹ̀ ló léwu, kì í ṣe omi náà nìkan.

Ẹ béèrè kí ẹ tó jáde

Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe ohun tí a lè fò kọjá. Ìròyìn ti dé láti àwọn abúlé ẹ̀yìn Bwari, láti ẹnu ààlà Kaduna àti láti àwọn ibòmíràn, bí nǹkan sì ṣe rí lóṣù yìí kọ́ ni ó ṣe máa rí lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹ pe ẹni tó ń gbé abúlé náà gan-an ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì tún pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń ná ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ mọ̀ ju rédíò lọ. Bí ẹni tí ẹ pè bá ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tó ń sọ pé “kò burú, ṣùgbọ́n…”, ẹ sun ìrìn náà síwájú. Òkè kò ní kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá dé abúlé, ilé Mai Unguwa, olórí àdúgbò, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ sọ fún un ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ ó padà, kí ẹ sì ní kó fún yín ní ẹnì kan tí yóò mú yín lọ. Ẹ fẹnu kò lórí owó ẹni náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ san án fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà. Owó yìí ni a gbà pé ó wúlò jù nínú gbogbo ìnáwó ọjọ́ náà: ẹni tó ń roko lẹ́yìn òkè mọ ibi tí oyin wà, ó mọ ibi tí ọ̀nà ti gé, àwọn tó bá pàdé yín lọ́nà á sì mọ̀ pé àlejò abúlé ni yín.

Ẹ jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ẹni mẹ́rin ló kéré jù, nítorí bí ọ̀kan bá fi ẹsẹ̀ rọ́, ẹnì kan á dúró tì í, méjì á lọ wá ìrànlọ́wọ́ pọ̀. Tí ẹ bá ju mẹ́jọ lọ, àwọn tó wà níwájú kò ní mọ̀ ìgbà tí ti ẹ̀yìn bá dúró. Ẹ fi orúkọ abúlé, nọ́ńbà ọkọ̀ àti aago tí ẹ ó dé sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Àwòrán orí òkè tí ẹ fẹ́ gbé sórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá dé ilé.

Aago àti omi

William Naismith, ará Scotland kan tó ń gun òkè, fi ìṣirò kan lélẹ̀ ní 1892 tí àwọn tó ń rin òkè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, kí a fi wákàtí kan kún un fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Ilẹ̀ tútù ni Naismith fi ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ní Àbújá, ẹ ka ìṣẹ́jú 15 fún kìlómítà kan, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún un fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ máa gùn, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́rin àpapọ̀ rẹ̀ lé e fún ìsinmi àti àwòrán yíyà. Ká ní ìrìn yín jẹ́ kìlómítà 8, tí ẹ ó sì gun mítà 200. Ìrìn gba ìṣẹ́jú 120, òkè gba 30, ó di 150. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Ó ti di wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọmọdé bá wà láàárín yín, tàbí ẹni tí kò rin irú rẹ̀ rí, ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin kíá.

Láti ibẹ̀ lẹ ó ti mọ aago tí ẹ máa gbéra. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó sì ń wọ̀ kété lẹ́yìn mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 25 lẹ́yìn tó bá wọ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni kí ẹsẹ̀ yín ti wà lọ́nà, kí ẹ sì ti kúrò lórí àpáta kó tó di mọ́kànlá, nítorí àpáta ń gba ooru sára, ó sì ń dá a padà sí yín láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀sán lòun fẹ́ fi gun òkè, kó mú agbòòrùn dání, kó sì dúró sí ìdí máńgòrò.

Omi: ìdajì lítà fún ẹnì kan ní wákàtí kan, bí ara rẹ̀ bá tètè ń làágùn kó di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Fún ìrìn wákàtí mẹ́ta, lítà méjì lórí olúkúlùkù. Píọ̀ wọ́tà mẹ́rin nìyẹn, torí ìdajì lítà ló wà nínú ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ má kó ọ̀rá rẹ̀ sínú báàgì bẹ́ẹ̀. Yóò bẹ́, yóò tu sára fóònù àti ohun jíjẹ. Ẹ dà á sínú ike nílé. Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Òfin wa ni pé tí omi ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá ti ku ìdajì, gbogbo yín á yí padà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ń rí téńté òkè.

Ẹ fi ike lítà kan ṣe omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún gbogbo ẹgbẹ́: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí kó dọ́gba, ẹ má fojú bù ú, nítorí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù yóò dá kún òùngbẹ náà. Ohun jíjẹ kò gba àròjinlẹ̀. Ẹ̀pà, dàǹkúwà, dábínù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ dára. Ìrẹsì inú kúlà, ẹ jẹ́ kó dúró de yín nínú ọkọ̀.

Omi odò tó mọ́ gaara kì í ṣe mímu, màlúù ti gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má sì dúró pẹ́ sínú omi tó dákẹ́ lẹ́bàá koríko, nítorí ìgbín kéékèèké tó ń gbé irú omi bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ń gbà dé ara ènìyàn. Bí ẹ bá ní láti la odò kọjá, ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, tí kò sì kọjá orúnkún, ni kí ẹ gbà, ní kíákíá, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Bàtà, aṣọ àti báàgì

Bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tí kòtò inú rẹ̀ kò sì tíì parẹ́, dára ju bàtà olówó ńlá tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le lọ. Lórí àpáta, rọ́bà rírọ̀ ló ń dì mọ́lẹ̀. Ẹ ra èyí tó fi ìwọ̀n ìdajì tóbi ju ti ojoojúmọ́ lọ, nítorí ẹsẹ̀ ń wú lẹ́yìn wákàtí kejì, tí ẹ bá sì ń sọ̀kalẹ̀, ọmọ ìka á máa lu iwájú bàtà. Bàtà tí ẹ kò tíì wọ̀ rí kò gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Ẹ gé èékánná lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ṣòkòtò gígùn, kì í ṣe jíǹsì: jíǹsì wúwo, kì í tètè gbẹ, ó sì ń há orúnkún mọ́lẹ̀ níbi gígùn. Ẹ fi ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ alápá gígùn tó fúyẹ́, fìlà tó ní etí, ọ̀pá kan tó ga dé ìgbọ̀nwọ́ yín. Nínú báàgì: omi, tọ́ọ̀ṣì bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwúrọ̀ ni, fèrè, báńdéèjì rírọ̀ kan, sẹ́lótéèpù (ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ láìpẹ́), power bank, àti ọ̀rá kan fún ìdọ̀tí yín. Ẹ má lo lọ́fínńdà lọ́jọ́ náà.

Ipa ọ̀nà

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọfà aláwọ̀ ìyeyè lára òpó ló ń tọ́ka ọ̀nà ẹsẹ̀ fún arìnrìnàjò, ó sì lè ra máàpù tí wọ́n ya odi oko kọ̀ọ̀kan sí. Níbí, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ máa kà. Ọ̀nà tó lọ sí abúlé máa ń fẹ̀, ojú rẹ̀ le, ẹ ó rí ojú ẹsẹ̀ táyà ọ̀kadà àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ọ̀nà oko ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ, á sì kú sí ìdí ebè. Ọ̀nà màlúù kì í dá rìn: mẹ́ta mẹ́rin á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìgbẹ́ màlúù á wà níbẹ̀, ibi omi ni wọ́n sì sábà máa ń já sí. Ẹni tó ṣìnà tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà màlúù lè rin wákàtí kan kó tó mọ̀ pé odò lòun ń lọ.

Ẹ gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù nílé, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tí ẹ bá ti bọ́ sẹ́yìn òkè. OsmAnd àti Organic Maps máa ń fi ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn ju Google Maps lọ. Síbẹ̀, fóònù lè kú. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹ yíjú padà kí ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí láti iwájú, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ojú tí ẹ máa fi rí i nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ nìyẹn, ó sì máa ń yàtọ̀ pátápátá. Tí koríko bẹẹrẹ bá bo ọ̀nà, ẹ má dá ọ̀nà tiyín. Ẹ padà sí oríta tó gbẹ̀yìn.

Lórí àpáta

Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru ń bó àpáta wọ̀nyí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ìpele tó ti ya kúrò lára ìyá rẹ̀ a ṣì dúró síbẹ̀, á dà bíi pé ó le, títí ẹnì kan á fi gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ fi ọ̀pá kan án. Èyí tó bá ń dún bí inú rẹ̀ ṣófo, ẹ yà fún un, pàápàá jù lọ létí ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlà dúdú tó gùn láti òkè wá sísàlẹ̀ lára àpáta ni ọ̀nà tí omi òjò ń gbà. Èèhọ̀n wà lára rẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, kò ní wàhálà. Tí ìrì òwúrọ̀ bá kàn án, yóò yọ̀ bí ilẹ̀ balùwẹ̀ onítáìsì. Nítorí náà, ibi tí àwọ̀ àpáta ti funfun tàbí pupa díẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tó ga.

Ní gígùn, ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọmọ ìka nìkan. Ẹ dúró ṣánṣán. Ẹ̀rù ló ń mú ènìyàn tẹ̀ ba sórí àpáta, ìyẹn gan-an ló sì ń mú ẹsẹ̀ yọ̀, nítorí ìwúwo ara kò sí lórí bàtà mọ́. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe ènìyàn léṣe jù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú, orúnkún díẹ̀ kó tẹ̀. Yanrìn wẹ́wẹ́ tó wà lórí àpáta ń yí lábẹ́ bàtà, ẹ gbá a kúrò. Níbi tó bá le, ẹ jókòó kí ẹ fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ṣòkòtò ló kàn máa ya.

Òjò àrọ̀kúrò tó gbẹ̀yìn a máa wá pẹ̀lú ìjì àti àrá. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ kà á títí ẹ ó fi gbọ́ àrá: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan. Tí ẹ kò bá kà á dé 30, ẹ ti pẹ́ lórí òkè. Ẹ sọ̀kalẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀, ẹ má dúró sídìí igi tó dá wà, ẹ má sì fara ti ẹnu ihò àpáta.

Wèrèpè, ejò, oyin

Oṣù Kọkànlá ni pódi wèrèpè ń gbẹ. Irun rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́, kò dìgbà tí ẹ bá fara kàn án. Tí ẹ bá rí èso onírun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣù jọ lórí ìtàkùn, ẹ gba apá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bó bá ti bà yín, ẹ má họ ọ́, ẹ má fi ọwọ́ pa á. Ńṣe lẹ̀ ń tì í wọlé. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀ kí ẹ ṣí i kúrò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Aṣọ náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀.

Ejò fẹ́ràn àpáta tó gba oòrùn òwúrọ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀ ènìyàn, ó ń gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ rẹ̀ tó jọ ewé gbígbẹ. Èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kububuwa kéré, àmọ́ oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ fi ọ̀pá gbá koríko níwájú, ẹ má fi ọwọ́ sí ihò tí ojú yín kò rí, ẹ wo ẹ̀yìn igi tó wó kí ẹ tó fẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Oyin ń gbé inú pàlàpálá àpáta. Tí ọ̀kan bá ń lù yín lójú léraléra, ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ padà lọ́nà tí ẹ gbà wá láìjuwọ́. Tí wọ́n bá tú jáde, ẹ bo ojú, ẹ sáré, ẹ má dáwọ́ eré náà dúró títí wọn ó fi padà. Ẹ má bẹ́ sínú omi, wọ́n á dúró de yín. Ẹ fi èékánná ha ẹ̀gún wọn kúrò lára kíákíá.

Nínú abúlé àti oko

Ẹ kí ènìyàn. Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ nípa ìyẹn, èdè nìkan ló kù: “Ina kwana” ní òwúrọ̀, “Sannu da aiki” fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Mai Unguwa. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ lóṣòó díẹ̀, ó ti tó. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán ènìyàn tàbí ilé, bí wọ́n bá sì sọ pé ẹ má gun òkúta kan tàbí ẹ má wọ igbó kan, ẹ má béèrè ìdí lẹ́ẹ̀mejì.

Èjìká ni obìnrin Gbagyi fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Ẹrù igi bẹ́ẹ̀ lè yọ síwájú àti sẹ́yìn, kò sì rọrùn fún un láti yíra padà. Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tóóró, ẹ̀yin ni kí ẹ yà, sí apá òkè, kí ẹ sì dúró títí yóò fi kọjá. Nínú oko, àárín ebè sí ebè ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe orí ebè, nítorí iṣu lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ọkà bàbà tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì tẹ́ sórí àpáta kó gbẹ, àpáta náà ti di ilẹ̀ oúnjẹ, ẹ yí i po. Bí wọ́n bá fi bùrùkùtù, ọtí ọkà bàbà, lọ̀ yín, lẹ́yìn ìrìn ni.

Tí ẹ bá pàdé agbo màlúù, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má gba àárín wọn, ẹ má sì wà láàárín ìyá àti ọmọ rẹ̀. Ẹ kí darandaran náà.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Ooru ló ń kọ́kọ́ mú ènìyàn. Orí fífọ́, èébì, iṣan ẹsẹ̀ tó ń ki: ẹ gbé e sí òjìji, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà níkọ̀ọ̀kan, ìrìn sì parí fún un lọ́jọ́ náà. Tó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ ti di ti ọsibítù: ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má fi ipá fún un ní omi mu, ẹ gbé e lọ. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì.

Ẹsẹ̀ tó rọ́: bó bá lè tẹ̀ ẹ́, ẹ má bọ́ bàtà rẹ̀, torí á wú, kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ fi báńdéèjì wé e láti òde bàtà yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, ẹ fún un ní ọ̀pá kejì.

Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má fi okùn dè é, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má lé ejò náà. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kúrò ní apá ibẹ̀ kó tó wú, ẹ fi igi méjì dì í bí ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, ẹ gbé e, kó má rìn bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ pe ọsibítù kí ẹ tó dé ibẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ oró ejò, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in. Pé kò sí ìrora níbẹ̀rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé oró kò wọlé: ẹ̀jẹ̀ eyín lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí púpọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ kọjá Àbújá

Ẹni tó ti rin mẹ́ta mẹ́rin nínú ti òkè yìí láìsí wàhálà lè ronú Shere Hills, lẹ́bàá Jos, lẹ́yìn tó bá ti béèrè bí ọ̀nà àti ìlú ti rí. Wọ́n ga ju 1,800 mítà lọ sókè òkun, ibẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ ìjọba kan ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní òkè gígùn. Pẹpẹ ilẹ̀ Jos fúnra rẹ̀ ti wà ní nǹkan bí 1,200 mítà, nítorí náà gbogbo ìṣirò aago tí a ṣe lókè kò yí padà, aṣọ ló yí padà. Ní oṣù Kejìlá, òwúrọ̀ ibẹ̀ tutù débi pé ọwọ́ kì í lè so okùn bàtà. Ẹ mú súẹ́tà, ìbọ̀wọ́ àti òróró ìpara ètè, kí ẹ sì mú omi tó tó ti Àbújá: otútù kì í jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fa omi ara rẹ̀ lọ.